Ọjọ́ Tí Dókítà Ìjọba Yẹ̀ Mí Wò ní Fordham

Ọmọbìnrin mi ló wẹ̀ mí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọmọ ogún ọdún ni, èmi ni mo bí i, òun nìkan sì ni mo bí. Ó ṣí omi lọ́wọ́ọ́wọ́, ó fi kànrìnkàn họ ẹ̀yìn mi, ó ní kí n gbé apá, mo gbé apá. Kò sí èyí tó tì mí lójú níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n wí i bó ṣe rí: kò sí nǹkan kan tó ń ṣe mí lásìkò yẹn, kì í ṣe ìtìjú, kì í ṣe ìbànújẹ́. Bí wọ́n bá ní kí n jókòó, mo jókòó. Bí wọ́n bá gbàgbé mi síbẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọn ó padà wá bá mi.

Fordham, àdúgbò kan ní New York níbí, la fẹ́ lọ, lọ́dọ̀ dókítà tí ìjọba háyà kó wò ó bóyá lóòótọ́ ni orí mi ò pé mọ́ tàbí ọ̀lẹ ló ń ṣe mí. Bí èmi ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, ó sì máa ń bí ọmọ mi nínú. Owó kan wà tí ìjọba ń fún ẹni tí àìsàn bá ti lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Kí wọ́n tó fún èèyàn, wọ́n lè ní kí dókítà tí àwọn fúnra wọn yàn yẹ̀ ẹ́ wò. Kì í ṣe dókítà tó ń tọ́jú ẹ. Kò ní fún ẹ lóògùn, kò sì ní bá ẹ dá ọjọ́ míì. Á bi ẹ́ ní ìbéèrè, á kọ ohun tó rí, ó parí. Bó bá kọ ọ́ pé mo lè ṣiṣẹ́, ọmọ mi á fi iléèwé sílẹ̀. Ohun tó wà ńbẹ̀ nìyẹn, kò sí òmíràn. Ó ti ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù bàtà lẹ́yìn kíláàsì, ó sì ti sọ fún mi pé tí owó náà ò bá jáde, òun ò ní padà sí yunifásítì tí táàmù yẹn bá parí, kóun lè máa ṣiṣẹ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, torí onílé ò mọ̀ pé àìsàn ń ṣe èèyàn. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òun fẹ́ lọ ra búrẹ́dì. Mo ní ó dáa.

Iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti ìgbà tí mo dé New York ni pé kí n máa tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó wà ní ìjọ wa ní Wakefield, iṣẹ́ yẹn náà ni wọ́n ń ṣe. Mo mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń yí aláìsàn padà lórí bẹ́ẹ̀dì kí ẹ̀yìn ẹ̀ má baà dégbò, mo mọ bí wọ́n ṣe ń parọ́ fún ìyá arúgbó tó ń wá ọkọ ẹ̀ tó ti kú. Lọ́jọ́ kan, mò ń fi ṣíbí fún bàbá kan ní súùpù, ni ọwọ́ mi bá dúró lójú ọ̀nà. Bàbá la ẹnu sílẹ̀, ó ń retí. Mo rí i pé ó la ẹnu. Mo mọ ohun tó kù tó yẹ kí n ṣe. Mi ò kàn ṣe é ni. A wà bẹ́ẹ̀ títí ọmọ bàbá náà fi wọlé bá wa.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé ta ló kú. Kò sẹ́ni tó kú. Ọkọ mi ti lọ tipẹ́, ìyẹn náà ò kú, ó wà ní Texas. Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ mí, kò sẹ́ni tó lù mí. Ohun tí mo fi ń gbéra nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni mi ò rí mọ́. Dókítà tó ń tọ́jú mi ní kílíníìkì pe orúkọ àìsàn náà fún mi lédè òyìnbó, ó sì fún mi lóògùn oríṣiríṣi. Oògùn yẹn ò mú inú mi dùn, kò sì bà á jẹ́.

Obìnrin àgbà kan wà tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ìsàlẹ̀ ilé wa ló ń gbé, Màmá ni gbogbo wa ń pè é. Nígbà tó gbọ́ pé ọ̀la la fẹ́ lọ, ó gòkè wá bá wa nírọ̀lẹ́. Ó gbàdúrà, àdúrà náà gùn. Nígbà tó ṣe àmín tán, ó fà mí mọ́ra, ó ní, "Gbọ́ mi dáadáa. Bí a bá ṣe rìn là ń koni. O ò gbọdọ̀ wọ ìwọ̀kuwọ̀ lọ síwájú òyìnbó. O ò sì gbọdọ̀ fi ẹnu ara ẹ pe àìsàn mọ́ra. Tí wọ́n bá ní báwo ni, a dúpẹ́ ni kó o sọ."

Ọmọ mi wà nídìí síǹkì tó ń fọ abọ́. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, obìnrin tó ń ràn wá lọ́wọ́ ní kílíníìkì ní kí Mọ́mì sọ bó ṣe máa ń rí lọ́jọ́ tó bá burú jù lọ."

Màmá ní, "Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó burú."

Ọmọ mi padà sídìí abọ́ ẹ̀.

Bó ṣe wẹ̀ mí tán láàárọ̀, ó mú súwẹ́tà tí mo ti ń wọ̀ sùn láti bí ọjọ́ mélòó kan wá, ó ní òun fẹ́ kí n wọ̀ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀. Mo ní rárá. Mo rò pé ohun kan ṣoṣo tí mo ní agbára láti kọ̀ lọ́dún yẹn nìyẹn. Mo ní kó mú léèsì búlúù mi wá, èyí tí mo máa ń wọ̀ lọ́jọ́ ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wò mí títí. Ó ní, "Mọ́mì, wọ́n á rò pé kò sí nǹkan tó ń ṣe yín." Mo ní èmi ò lè wọ aṣọ ìsùn lọ síwájú ọ̀gá. Ó bá mi fa síìpù ẹ̀yìn rẹ̀. Màmá gòkè wá, ó bá mi wé gèlè, ó fi àtíkè díẹ̀ kùn mí lójú, ó ní wò ó bó o ṣe rẹwà. Mo wo ara mi nínú dígí. Obìnrin tó wà níbẹ̀ múra dáadáa.

A wọ bọ́ọ̀sì. Ọmọ mi di apá mi mú bí ìgbà tí èèyàn bá mú ẹrù tí kò fẹ́ kó jábọ́. Ní Fordham, èrò pọ̀ lójú títì bó ṣe máa ń pọ̀, olúkúlùkù ń lọ síbi iṣẹ́ ẹ̀, àwọn tó ń tajà ń pe oníbàárà. Òkè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta fóònù ni ọ́fíìsì náà wà, àtẹ̀gùn tóóró la gùn débẹ̀. Àwọn tó jókòó síbẹ̀ tí wọ́n ń retí, bí wọ́n ṣe jí ni wọ́n ṣe wá. Ọkùnrin kan wọ sílípáàsì. Èmi nìkan ni mo dà bí ìyàwó pásítọ̀. Ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì gba káàdì ìdánimọ̀ mi, ó bi mí bóyá mo fẹ́ kí wọ́n bá mi pe ògbufọ̀ sórí fóònù. Mo ní mo gbọ́ òyìnbó.

Èmi nìkan ni dókítà kọ́kọ́ pè. Ọmọ mi dìde pẹ̀lú mi, wọ́n ní kó jókòó ná, wọ́n á pe òun náà. Mo retí ẹni líle, mi ò bá ẹni líle. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó ń wúkọ́ díẹ̀, ó tọrọ gáfárà nítorí ikọ́ náà. Ó ní báwo ni mo ṣe wà lónìí.

Mo ní, "Dáadáa ni, sà. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní ṣé mò ń sùn. Mo ní mò ń sùn. Ó ní ṣé mò ń jẹun. Mo ní oúnjẹ wà. Ó ní ṣé èmi ni mo máa ń wẹ̀ fúnra mi, tí mo máa ń múra fúnra mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ta ni ìyá tó máa jókòó síwájú ọkùnrin àjèjì kó wá sọ pé ọmọ òun ló ń fọ abíyá òun? Ó bi mí bóyá mo ti rò ó rí pé kí n má sí láyé mọ́. Mo ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́." Kì í ṣe irọ́, kì í sì í ṣe òótọ́. Ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í dán orí mi wò. Ó ní kí n fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta sọ́kàn, ọsàn, àga, kọ́kọ́rọ́, òun á béèrè wọn tó bá yá. Ó ní kí n máa yọ méje kúrò nínú ọgọ́rùn-ún. Mo yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀nà pòórá mọ́ mi lójú. Nígbà tó padà béèrè àwọn ọ̀rọ̀ yẹn, kọ́kọ́rọ́ nìkan ni mo rí. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀ bí ẹni tó fọ́ abọ́ alábọ́. Ó ní kò sí wàhálà, ó ní kí n sọ ìtumọ̀ òwe kan fóun, pé ẹni tó ń gbé inú ilé onígíláàsì kì í sọ òkò.

Òwe ló bọ́ sí yẹn. Ibẹ̀ lojú mi ti là díẹ̀. Mo ní àwa náà ní èyí tó sún mọ́ ọn, pé ẹni tó bá sọ òkò sáàárín ọjà, ará ilé ẹ̀ ló máa bà. Mo ṣàlàyé ẹ̀ fún un, mo fi ọwọ́ júwe ọjà, mo fi júwe òkò. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìyẹn dára gan-an, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀, ìkọ̀wé náà pẹ́. Bó ṣe ń kọ ọ́ ni mo rí i kedere pé mo ti ń lé ọmọ mi kúrò níléèwé. Ẹni tó lè pa irú òwe yẹn, kí ló fẹ́ dí i lọ́wọ́ iṣẹ́? Mo rí i bí èèyàn ṣe ń rí òjò láti ojú fèrèsé. Mo jókòó, mo ká ọwọ́ mi lórí léèsì.

Ó wá ní kí wọ́n pe ọmọ mi wọlé.

Ẹ ní láti mọ bí mo ṣe tọ́ ọmọ yìí. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ojú náà sì ni mo fi tọ́ ọ. Mi ò nílò pàṣán, mi ò nílò ariwo. Láti kékeré, bí a bá lọ kí èèyàn, tí wọ́n bá fún un ní bisikíìtì, ojú mi ló máa kọ́kọ́ wò. Bí mo bá ṣẹ́jú jẹ́jẹ́, á kúnlẹ̀, á gbà á. Bí mo bá ranjú mọ́ ọn, á ní òun ti yó, bí ebi tilẹ̀ ń pa á. Ilẹ̀ yìí ni wọ́n bí i sí, Yorùbá ẹnu ẹ̀ ń takókó, òyìnbó ló fi ń dá mi lóhùn lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n ojú yẹn, ó gbọ́ ọ ju èdè kédè lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé màmá ẹ̀ ní rìmóòtù lójú. Ọ̀rọ̀ ilé wa kì í jáde síta. Èmi ni mo fi ojú tì í mọ́lé.

Ó jókòó sórí àga kejì, ó gbé báàgì iléèwé ẹ̀ lé itan. Dókítà ní, "Ìyá ẹ sọ fún mi pé òun ń ṣe gbogbo nǹkan fúnra òun nílé. Ṣé bó ṣe rí nìyẹn?"

Ó wo ojú mi.

Mo ranjú mọ́ ọn. Mi ò pète ẹ̀. Nínú gbogbo ohun tó ti kú nínú mi, ojú yẹn nìkan ló ṣì wà láàyè, òun ló sì jí. Ó rí i. Mo rí i pé ó rí i. Ó sorí kodò bó ṣe máa ń ṣe, mo sì mọ̀ pé ó ti tán, pé á ní bẹ́ẹ̀ ni, a ó sọ̀ kalẹ̀, òun á sì lọ sọ fáwọn ará ṣọ́ọ̀bù bàtà pé òun ti ráyè látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ló bá dìde díẹ̀, ó fa àga ẹ̀, ẹsẹ̀ àga náà ha ilẹ̀, ó sì yí i títí ó fi kọ ẹ̀yìn sí mi. Láti ọjọ́ tí mo ti bí i, kò ṣe é rí. Ẹ̀yìn orí ẹ̀ ni mò ń wò nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Òyìnbó ló ń sọ, ó ń yára. Ó ní òun lòun wẹ̀ mí láàárọ̀ yẹn. Ó ní aṣọ yìí, ẹlòmíì ló wé gèlè ẹ̀. Ó ní mo lè jókòó sórí ìgbọ̀nsẹ̀ láti ìgbà tóun bá jáde títí òun á fi padà wọlé, iná ò ní tàn, èmi náà ò ní tàn án. Ó ní òun ti bá gáàsì ní títan láìsí ìkòkò lórí ẹ̀. Ohùn ẹ̀ ò gbọ̀n. Mò ń gbọ́ gbogbo ẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá ń sọ ọ̀rọ̀ obìnrin kan tí mi ò mọ̀, mo sì ń ṣàánú ọmọ obìnrin náà.

Dókítà bi í bóyá mò ń lo oògùn mi bó ṣe yẹ. Ọmọ mi ṣí báàgì ẹ̀. Ó kó àwọn ìwé rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì kó gbogbo ìgò oògùn mi jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sórí tábìlì. Ó ní òun ló ń fún mi, ìwọ̀nba tọjọ́ náà lòun máa ń fi sílẹ̀, òun sì ń gbé ìyókù lọ síléèwé, òun ń gbé e lọ síbi iṣẹ́, òun ń sùn tì í. Mo ti máa ń gbọ́ ìró nǹkan nínú báàgì yẹn tó bá ń bọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Mo rò pé súìtì ni.

Dókítà wá yíjú sí mi, ó ní, "Mà, ṣé òótọ́ lohun tó sọ?"

Bí mo bá ní rárá, mo ti sọ ọmọ mi di òpùrọ́ lójú àjèjì. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ wo léèsì mi, ẹ wo àtíkè mi. Ọmọ mi ò yíjú padà.

Mo ní, "Ọmọ mi kì í purọ́, sà."

Ó ní ṣé bẹ́ẹ̀ ni mò ń sọ pé ó rí. Mo ní, "Mi ò bí òpùrọ́."

Ó mú bírò ẹ̀, ó sì tún béèrè ìbéèrè ìṣáájú yẹn lọ́wọ́ mi, bóyá mo ti rò ó rí pé kí n má sí láyé mọ́. Àwọn ìgò wà níwájú mi lórí tábìlì, tí orúkọ mi wà lára gbogbo wọn. Mo ní, "Nígbà míì."

Ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Ó bi mí bóyá mò ń rò ó lónìí. Mo ní rárá, mi ò ro nǹkan kan lónìí. Ó ní kí n má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú láìsọ fún dókítà tó ń tọ́jú mi, ó sì rí i dájú pé ọmọ mi ní nọ́ńbà wọn. Ó dìde, ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Gbogbo ẹ̀ ò pẹ́ tó ìsìn àárọ̀.

Kí ọkàn yín lè balẹ̀: wọ́n fún wa lówó náà. Ó pẹ́ kó tó dé, yìnyín ti bọ́, ó ti yọ́, ṣùgbọ́n ó dé, ọmọ mi sì wà níléèwé títí di bí mo ṣe ń wí yìí. Ohun tí mo fẹnu mi sọ, wọn ò gbà á. Ohun tí ọmọ mi kọ̀yìn sí mi sọ ni wọ́n gbà.

Bí a ṣe jáde lọ́jọ́ yẹn, a sọ̀ kalẹ̀ dé ìdajì àtẹ̀gùn, ọmọ mi bá kúnlẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú. Mo kọ ẹ̀yìn sí yín." Mo ní kó dìde, ilẹ̀ ibẹ̀ ò mọ́. Kò dìde, ó jókòó. Èmi náà jókòó tì í pẹ̀lú léèsì mi. Mo bi í pé láti ìgbà wo ló ti ń kó oògùn mi kiri.

Ó ní, "Láti ìgbà tí ẹ kọ́ mi lọ́bẹ̀."

Mo ní ọbẹ̀ wo.

Ó ní, "Gbogbo ẹ̀. Ẹ̀gúsí, ẹ̀fọ́, ọbẹ̀ ata, gbogbo ẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ kì í jẹ́ kí n dé ìdí sítóòfù yín látilẹ̀. Ẹ wá ní kí n ká a sórí fóònù, kí n lè máa sè é tí ẹ ò bá sí nílé." Ó ń fi ọwọ́ fa okùn báàgì ẹ̀. "Mọ́mì, ẹ kì í lọ síbì kankan."

Èmi sì rò pé kò sẹ́ni tó mọ̀ pé mò ń múra àtifi ayé sílẹ̀. Èmi fúnra mi, mi ò jẹ́ kí n mọ̀ tán. Mo ro ọmọ yìí nídìí ìkòkò, tó ń fi ṣíbí ro ẹ̀gúsí, tó ń ní bẹ́ẹ̀ ni mà, tó sì ti mọ ohun tí mò ń kọ́ ọ fún. Ó dùn mí. Ó pẹ́ tí nǹkan kan ti dùn mí gbẹ̀yìn, mi ò kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe mí, mo rò pé àyà ló ń ro mí. Mo di ọwọ́ ẹ̀ mú. Àwọn tó ń gòkè lọ sọ́dọ̀ dókítà ń ní ká jọ̀ọ́, wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, a ò sì dìde.